Nọ́ńbà Ojú Fóònù: Eré Ta Ni Ó Ń Sọ?

Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ yẹ̀ wò lálẹ́ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan; ti gbogbo ilé tí wọ́n ti ń ra dátà ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ́ni ní èdè, nítorí náà ọ̀nà èdè ni n ó kọ́kọ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Bí àwòrán bá dúró gbagidi lójú fóònù, ohun kan ṣoṣo tí à ń wí ni pé, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára." Ẹrù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kan yìí ń rù. Èkíní ni ọ̀nà tí ó wà láàárín fóònù àti ráútà inú ilé. Òun ni à ń pè ní Wi-Fi. Èkejì ni ọ̀nà tí ó ti ọ̀dọ̀ ráútà lọ sí òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà jíjìn tí ó ti ìdí òpó lọ sí Èkó, tí ó sì gba inú okùn abẹ́ òkun kọjá sí òkè òkun, irú okùn MainOne tí wọ́n fà láti ilẹ̀ Pọ́túgà wá sí Èkó ní 2010. Ẹni tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ọ̀nà tí kò bàjẹ́ ni yóò máa tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé àwọn ẹbí mi ní Wásinmi. Ọmọ àbúrò mi kan ń gba ẹ̀kọ́ yunifásítì lórí fóònù. Bí olùkọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀, ohùn a máa já, àwòrán a sì dì bí ẹ̀kọ tí ó ti tutù. Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń ta ẹ̀rọ ní àfi kí wọ́n ra ráútà tuntun, ìyá ọmọ náà sì ti ń múra láti gba owó àjọ rẹ̀ ṣáájú àkókò. Nígbà tí mo dé, ọmọ náà gbé fóònù wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, 433 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ló dé tí kò sáré?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí ni mẹ́gábíìtì 433 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré ọ̀nà kìíní nìkan ni ó ń sọ, èyíinì ni eré tí fóònù àti ráútà fohùn ṣọ̀kan lé lórí láàárín ara wọn. Kò mọ ohunkóhun nípa òpó. Bí ẹnìkan ní Wásinmi bá gun ọ̀kadà tí ń sáré bí ẹ̀fúùfù láti ilé rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin, ìyẹn kò ní kí ọkọ̀ ojú irin sáré dé Èkó ju bí ó ti máa ń sáré lọ.

Níbo ni 433 ti wá? Nígbà tí wọ́n gbé ìlànà Wi-Fi kìíní jáde ní 1997, mẹ́gábíìtì 2 ni òkè eré rẹ̀. Ní 1999, ó di 11. Ìlànà ti 2009 ni ó jẹ́ kí a máa rí 72 lójú ọ̀pọ̀ fóònù tí ń lo ìgbì 2.4 GHz, ti 2013 ni ó sì mú 433 wá lórí ìgbì 5 GHz. Ìgbì 2.4 GHz a máa rìn jìnnà, ó sì mọ ògiríi kọjá, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lọ́nà rẹ̀. Òun náà ni Bluetooth ń lò. Ìgbì 5 GHz yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù a tètè dá a lágara.

Ẹ ó tún rí i pé nọ́ńbà náà kì í dúró sójú kan. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ láàárín ariwo ọjà, wọn a rọra máa pe ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóònù ń ṣe bí ó bá jìnnà sí ráútà.

433 náà pàápàá, àpapọ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé ọwọ́ wa. Ẹ rántí ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí ó gba Wásinmi kọjá sí Abẹ́òkúta. Ipa kan ṣoṣo ni ní ìhà tiwa: bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀, èkejì gbọ́dọ̀ yà sí ibùdókọ̀ kí ó dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ Wi-Fi rí. Bí fóònù kan bá ń sọ̀rọ̀, ìyókù a dákẹ́. Nítorí náà, bí ohun tí ó dé ọwọ́ wa bá tó ìdajì nọ́ńbà náà tàbí tí ó lé díẹ̀, kò burú.

Ohun kan tún wà tí ń tan ènìyàn jẹ. Bíìtì ni a fi ń ka eré, báìtì ni a fi ń ka ẹrù, bíìtì mẹ́jọ ni ó sì wà nínú báìtì kan. Fíìmù tí ó jẹ́ mẹ́gábáìtì 450 jẹ́ mẹ́gábíìtì 3,600. Bí òpó bá ń fún ilé ní mẹ́gábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ni yóò gbà, ìbáà jẹ́ pé 433 ni ó wà lójú fóònù.

Àwọn àgbà ní ibi tí a ti kọsẹ̀ ni kí a wò, kí a má wo ibi tí a ti ṣubú. Ohun tí a ṣe nìyí. A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, a wo nọ́ńbà ojú fóònù, a sì fi ètò tí ń wọn eré íntánẹ́ẹ̀tì wọn eré tí ó ń ti ìta wọlé. Nọ́ńbà fóònù jẹ́ 433. Eré ìta jẹ́ 9. A lọ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí ọmọ náà ti ń kàwé. Nọ́ńbà fóònù já sí 65. Eré ìta ṣì jẹ́ 9. Ọ̀rọ̀ yé wa. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà inú ilé ni ó bàjẹ́, ìdí ráútà ni ìbá ti dára. Nígbà tí kò dára níbẹ̀, ọ̀nà òpó ni a ti kọsẹ̀. Ráútà tuntun kò ní wo irú àrùn bẹ́ẹ̀.

Inú ráútà náà ni síìmù wà, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ ni wọ́n sì gbé e sí. A gbé e lọ sójú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó dojú kọ òpó. Eré ìta di 24. Ní yàrá ẹ̀yìn, nọ́ńbà fóònù já wálẹ̀ sí 58, ẹ̀rù sì ba ọmọ náà. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀: ìdajì 58 jẹ́ 29, 29 sì ju 24 lọ. Nọ́ńbà kéré sí i, ẹ̀kọ́ sì ń wọlé geere. Owó àjọ kò kúrò níbi tí ó wà.

Èmi kò sọ pé ráútà kì í bàjẹ́ o. Bí eré ìta bá dára ní ìdí rẹ̀, tí ó sì já wálẹ̀ ní yàrá, ọ̀nà inú ilé ni kí ẹ tún ṣe: ẹ gbé ráútà sí àárín ilé, ẹ gbé e sókè, ẹ yí ìgbì padà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ kí a máa pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: ọ̀nà ilé, ọ̀nà òpó, ọ̀nà òkun. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ ohun tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò ní ra oògùn orí fún inú rírun. Ó dàbọ̀ o. Kí Olúwa jẹ́ kí á jí ire.