Èwo Ló Dára Jù Nínú Àwo Orin Sunny Adé?

Kí n tó fèsì sí ìbéèrè olóòtú ètò, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Molutehin ni, létí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí a ti ń gba orí afárá pákó láti ilé kan dé èkejì. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà jókòó níwájú ilé kan, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n sì ń jiyàn kíkankíkan. Kì í ṣe owó ẹja ló fà á. Àwo orin Sunny Adé ni wọ́n ń tò láti orí èyí tó ga jù dé èyí tó kéré jù, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ gbà fún ẹnì kejì.

Àwọn àgbà inú wọn fọwọ́ sọ̀yà pé Synchro System Movement, tó jáde ní 1976, ni olórí gbogbo wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ní Juju Music ti 1982 ni, nítorí pé òun ni ilé iṣẹ́ Island gbé jáde fún gbogbo ayé. (Òṣogbo ni wọ́n bí Sunny sí, ṣùgbọ́n Oǹdó ni ìdílé rẹ̀ ti wá, àwọn ará Molutehin kà á sí ọmọ ilé, ìyẹn ni ìjà náà fi le tó bẹ́ẹ̀.) Ẹnì kan ṣoṣo dúró ti Aura ti 1984, pé Stevie Wonder ará Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló fun hamóníkà nínú rẹ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ̀bi.

Lójú tèmi, "jù" kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan a máa dùn jù, a máa tà jù, a máa jinlẹ̀ jù, a máa lókìkí jù. Ẹni tó mú àwo 1976 ń sọ nípa àríyá: orin ń wọ inú orin, gángan ń bá gìtá sọ̀rọ̀, kò sí ìdákẹ́ títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín àwo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é lójú agbo níbi tí a ti ń náwó fún olórin. Ní ti Juju Music, Lómé ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Martin Meissonnier, ará Faransé, ló sì darí iṣẹ́ náà. Orin méje ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ẹni tí à ń kì. Fún irú etí bẹ́ẹ̀, ó dára jù lóòótọ́. Synchro System tó tẹ̀lé e ní 1983 ni wọ́n yàn mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy. Lẹ́yìn Aura, Island kò bá a ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, Sunny kò dẹ́kun àtimáa gbé àwo jáde nílé.

Bí ẹ bá bi mí, ti 1976 ni n ó mú. Mo mọ̀ pé olóòtú kò gbà.

Bàbá kan wà láàrin wọn tó mọ àwọn àwo náà ju gbogbo wa lọ. Òkun ti gbé ilé rẹ̀ lọ, bó ti gbé ti ọ̀pọ̀ ará Molutehin àti Awoye, àpótí àwo sì bá ilé lọ. Nígbà tí ìjà dé orí ojú àwo tí orin kan wà, ọ̀dọ́ kan fa fóònù yọ. Orin náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kúrò lára èyí tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ orin àwo mìíràn. Kò sí ọdún, kò sí páálí. Bàbá tẹ́tí díẹ̀, ó ní, "Pa á, ọmọ mi. Orin nìyẹn, kì í ṣe àwo." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí orin ojú kejì ti tẹ̀lé ara wọn, ó ń fọwọ́ lu pákó tí a jókòó lé. Ó dé ibì kan, ó dúró. Kò rántí èyí tó kàn. Àwọn tó ti ń bá a jiyàn láti ọ̀sán dákẹ́, gbogbo wa sì ń bá a wá a títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní àwo 1976 náà nílé pẹ̀lú páálí rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí ètò yìí. Ó ku orin kan tí a kò rí tò.