Ẹ Bi Dókítà Kí Ẹ Tó Sanwó



Bí dókítà àdúgbò kò bá fún wa lábẹ́rẹ́, a ó ní kò mọṣẹ́. Òun náà á wá kọ oògùn ibà, á kó fítámì lé e. Bẹ́ẹ̀, láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó lo oògùn ibà. Owó àsọnù yẹn ni kì í jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wa tó oṣù.

Ẹ bi wọ́n: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ló pọn dandan? Ṣé èyí tówó rẹ̀ kéré wà?” Amlodipine ni amlodipine ń jẹ́, bí orúkọ ara páálí tilẹ̀ yàtọ̀, ẹ sáà wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.