Àpá Inú Ilé Ọmọ: Ọ̀rọ̀ fún Tọkọtaya

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó fi ilé ọmọ ṣe ibùgbé àkọ́kọ́ fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ òní mú ìtìjú dání díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Ansaar ní Mẹdínà kò tijú láti bi Ànábì léèrè nípa nǹkan oṣù.

Bí oyún bá bàjẹ́, tàbí tí ibi ọmọ kò jáde tán, wọ́n lè fọ ilé ọmọ ní ilé ìwòsàn. Bí irin tí wọ́n fi ń ha á bá wọlé jù, awọ inú rẹ̀ yóò bó, ògiri méjèèjì yóò di egbò, wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Dókítà Joseph Asherman ṣàlàyé àrùn yìí ní 1948. Híha léraléra a máa pa kún ewu rẹ̀.

Nítorí náà, kí tọkọtaya bi dókítà léèrè: ṣé oògùn kò lè lé ìyókù jáde? Ṣé ẹ̀rọ tí ń fà á jáde kò sí? Ní 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ẹ̀rọ yìí rọ́pò irin. (Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ má jókòó ti ìbéèrè, ẹ̀mí ni àkọ́kọ́.) Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì inú ilé ọmọ, àwọn dókítà kan a máa fi oògùn yíyọ̀ sí àárín ògiri náà kí wọ́n má baà kanra.

Inú àwọn arábìnrin kan ń dùn pé àwọn gba ààwẹ̀ Ramadan láìjẹ gbèsè ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ti fọ ilé ọmọ, tí nǹkan oṣù kò padà tàbí tí ó dín kù gidigidi, ẹ tètè lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà lè fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú, kí ó sì gé ohun tí ó lẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti lóyún lẹ́yìn rẹ̀.

Ó dùn mí pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní àgàn, tí àwọn aláàfáà kan ń ta tírà fún, tí ọkọ sì ń kọ̀ sílẹ̀. Àpá ni, kì í ṣe ayé. Bí dókítà obìnrin kò bá sí, Sharia gba kí ọkùnrin yẹ̀ ẹ́ wò nítorí àìní. Kí ọkọ rẹ̀ tàbí nọ́ọ̀sì obìnrin wà níbẹ̀.