Àwọn Tí Ó Fi Gígun Òkè Ṣe Ayé

Òkè Everest, afi-orí-kan-sánmà, ga ní mítà 8,849, afẹ́fẹ́ tí ó sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ti etí òkun lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń gùn ún fi ń gòkè díẹ̀, tí yóò tún sọ̀ kalẹ̀ wá sùn, títí yóò fi mọ́ ọn lára, nítorí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Junko Tabei, akọni obìnrin ará Japan, mọ bí òkè yìí ṣe le tó dájú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1975, òkìtì yìnyín ya lulẹ̀ lóru, ó bo àgọ́ mọ́ ọn lórí, àwọn Sherpa, afọ̀nàhàn òkè, ni ó sì fa á yọ. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 12, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ṣóńṣó Everest.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá ní òkè ni òun fẹ́ gùn, ẹ má ṣe dí i lọ́nà. Ẹ wá olùkọ́ tí ó mọ òkè fún un.