Òkun Ò Ní Dé Tèmi
 

Ọdún 1947 ni ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó sétí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti itẹ́ òkú lọ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bi ẹni tó jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ló kù láàárín òun àti omi, á ní: “Kò ní dé tèmi.” Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbé bẹ́ẹ̀dì sórí pákó gíga. Ẹnu ń sọ ọ̀tọ̀, ọwọ́ ń ṣe ọ̀tọ̀.

Mi ò bá a wí. Lọ́dún 1988, Shelley Taylor àti Jonathon Brown, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ìrètí tó ju òótọ́ lọ díẹ̀ máa ń fọkàn èèyàn balẹ̀, á sì jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Àbí ta ni yóò tukọ̀ wọ agbami tó bá ń ka gbogbo ewu ibẹ̀? Ṣùgbọ́n ìtànjẹ tó ń múni sùn dáadáa lè máà jẹ́ ká jí nígbà tómi bá wọlé. Ti ìjọba ló tiẹ̀ burú jù: wọ́n á buwọ́ lùwé iṣẹ́ ìdènà òkun, wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé ìwé náà ni odi.

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, bómi bá wọlé lóru òní, ìwé ilé àti ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, ibo lẹ kó wọn sí?