Ẹni Tó Bá Rí, Kó Sọ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, Òwe 31:8 pàṣẹ pé kí á máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ.

Sorious Samura, ọmọ Sierra Leone ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ya wọ Freetown, wọ́n ń pa èèyàn, wọ́n ń gé ọwọ́, wọ́n ń dáná sun ilé. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ jáde. Fíìmù tó ti ibẹ̀ jáde, Cry Freetown, ni ayé wò ní ọdún 2000.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ìkà àwọn ọlọ̀tẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó yàwòrán àwọn ọmọ ogun ECOMOG tó wá gba ìlú náà là, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tiwa, bí wọ́n ti ń na ọmọdé, tí wọ́n ń yìnbọn pa ẹni tí wọ́n fura sí láìsí ìgbẹ́jọ́. Òtítọ́ ò mọ ọmọ ẹni!

Lẹ́yìn náà, ó lọ gbé ní abúlé kan ní Ethiopia, ó ń jẹ ohun tí àwọn tébi ń pa ń jẹ, kó tó ròyìn wọn.

Ìwọ ńkọ́? Gbogbo wa kọ́ ni yóò ṣe fíìmù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé aládùúgbò rẹ, tàbí tí ẹni tìrẹ gan-an bá jẹ̀bi, ṣé wàá dákẹ́? Ká má fi àdúrà bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí Olúwa fún wa nígboyà. Àmín.