Ọpọlọ àti Ọ̀nà Ẹ̀kọ́

Ọpọlọ àgbàlagbà kò tó kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀, síbẹ̀ ó ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára inú rẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Láti ibẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára ti gba ọ̀pá ẹ̀yìn dé gbogbo ara: ìròyìn ń gbà á gòkè, àṣẹ ń gbà á sọ̀ kalẹ̀.

Àṣetúnṣe ló ń sọ ẹ̀kọ́ di ti ẹni. Ọmọ tó kọ́kọ́ ń kọ ebè iṣu ní Atokoligbé, ní agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ ọkọ́. Bó ṣe ń ṣe é léraléra, ìsopọ̀ àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ń lágbára sí i, bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń sọ èdè Ìṣà, èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀, nílé, tó sì ń ka Faransé níléèwé, ṣe ń la ọ̀nà méjì.

Ìbẹ̀rù ń dínà ẹ̀kọ́. Ọmọ tí pàṣán ń dẹ́rù bà, ewu ni ọpọlọ rẹ̀ ń ṣọ́, kì í ṣe ìwé.

Oorun sì ṣe kókó, nítorí inú rẹ̀ ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ojú rí lọ́sàn-án sí ipò. Oúnjẹ náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: áyódíìnì inú iyọ̀ tí aláboyún ń jẹ ń ran ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lọ́wọ́ láti dàgbà. Àṣetúnṣe, ìfọ̀kànbalẹ̀, oorun àti oúnjẹ: àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ ọmọ dúró lé.